Ẹ̀bi Tí A Dì Ru Misbaudeen

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú,
                                        Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024.

Karimat, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń ṣe àbíkẹ́yìn rẹ ti lọ? Mo gbọ́ pé òjò Ìlọrin pọ̀ lọ́dún yìí. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín. Ìyá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní o ti pẹ́ jù, kí o wá kí àwọn. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò tíì balẹ̀.

Má bínú pé mo pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu nígbà tí o bi mí nípa Sàídì. Ẹkún ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Òtítọ́ ni, Sàídì ti kú. Sàídì wa tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì Bàbá Dáramọ́lá láti ìgbà tí èmi àtìrẹ jọ ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni iná lọ nígbà tí ìyẹ̀fun ṣì wà nínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń pò ó. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, á bàjẹ́, nítorí náà Sàídì ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, ó ń kó o jáde. Misbaudeen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti lọ sẹ́yìn ilé láti tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò lè rí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ògiri ló wà láàárín wọn. Iná dé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì fa Sàídì lápá.

N kò ní sọ ohun tí mo rí. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n gé apá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti lọ púpọ̀ lára rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dákẹ́.

Ọgbẹ́ kejì ni ti Misbaudeen. Inú àwo kan náà lòun àti Sàídì ti ń jẹun, síbẹ̀ òun ni gbogbo wa yíjú sí. Bàbá Dáramọ́lá ní kó má tẹ ilé iṣẹ́ náà mọ́, wọ́n ní àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló pààyàn. Àwọn tó ń kí i ní Ọjà'ba tẹ́lẹ̀ wá ń yà fún un lọ́nà. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá nílé wọn ní Pópó Yemọja, àfi kí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹun.

Lọ́jọ́ fìdáù, lẹ́yìn tí àwọn àáfà ṣàdúà tán, Bàbá Dáramọ́lá dìde láti bá ẹbí kẹ́dùn, wọ́n sì tún sọ ọ́ pé àwọn ti lé ẹni tó fa ikú náà. Èjìdé, ìyàwó Sàídì, tí kò tíì la ẹnu látàárọ̀, ló dá wọn lóhùn. Kò pariwo.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ta ni ẹ̀rọ yẹn ti fẹ́ẹ́ mú rí, kó tó mú ọkọ mi?”

Nígbà tó yá, Ìkẹ́olúwa tó ń gé ìyẹ̀fun ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá hàn wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni iná ṣe dé bá ọwọ́ òun nínú ẹ̀rọ lọ́dún tó kọjá, Ọlọ́run ló yọ òun. Emmanuel ní aṣọ òun ló fà ya. Àwọn mìíràn náà sọ tiwọn. Bàbá wá bi wá pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn. Emmanuel dọ̀bálẹ̀ kó tó fèsì.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹni tó bá sọ, ẹ ó ní kò fara balẹ̀, ẹ ó sì lé e.”

Karimat, o mọ̀ pé kò parọ́. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n lé ọmọbìnrin tí ààrò jó lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń fi aṣọ bo egbò. Àwọn àgbà ní òkèèrè la ti ń wo igi gogoro kó má baà gúnni lójú. Àwa ti rí i lókèèrè, ẹnu ni a kò lè là.

Bàbá Dáramọ́lá jókòó pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n ní, “A jẹ́ pé èmi ni mo dì yín lẹ́nu.”

Wọn kò jẹ́ kí a dáná sí ààrò títí wọ́n fi pe Adébáyọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ iná ní Bẹẹrẹ. Ní báyìí, bí iná bá lọ tó sì padà dé, ẹ̀rọ kò ní yí àfi tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bá tún tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n fi ìdérí irin sí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì lu fèrèsé sára ògiri ẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù: ohun tí kò pẹ́ láti ṣe la kò ṣe, tí èèyàn fi kú.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, a máa ń jókòó sọ ohun tó fẹ́ẹ́ ṣe wá léṣe. Bàbá kì í bèèrè ẹni tó ṣe é mọ́, ohun tó fà á ni wọ́n ń bèèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìkẹ́olúwa ní òun ló gbàgbé páànù sójú ọ̀nà tí Emmanuel fi kọsẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì wá ibi tí páànù yóò máa wà. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń wo ojú Bàbá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù kì í tètè kúrò lára.

Bàbá lọ bẹ Misbaudeen lójú ìyá rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀, kó padà wá. Èjìdé náà ránṣẹ́ sí i pé òun kò bá a bínú. Ó dúpẹ́, àmọ́ ó ní etí òun kò lè gba ìró ẹ̀rọ yẹn mọ́. Mo lọ kí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti rù gan-an. Ó bi mí bóyá a ti rí ẹni tó gba iṣẹ́ Sàídì, mo ní a ti rí i. Ó tún bi mí.

“Tóyìn, ṣé ẹ ti sọ fún un pé bí ẹ̀rù bá bà á, kó sọ?”

Mo ní a ti sọ fún un. Ó mi orí, ó sì yíjú sí ògiri.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì kí ìyá ọkọ rẹ dáadáa fún mi. Bí o bá kírun, ṣàdúà kan fún Sàídì. Jọ̀ọ́, ṣe ọ̀kan fún Misbaudeen náà.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
                                        Olúwatóyìn.