Aago Ẹnu Ọ̀nà Tí Kò Mọ Ohùn Jẹ́jẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? A ò ní gbọ́ ìró ibi nípa yín o. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ara rẹ̀ le, àfi aago ẹnu ọ̀nà tí o bá wa ṣe yìí ló fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dún, tíì ló wà lọ́wọ́ bàbá rẹ, ló bá fò sókè, tíì dà sí i láyà, ó ní ogun ti dé. Ogun wo? Télọ̀ iwájú ilé ló wá dá abẹ́rẹ́ padà. Mo wá ń bẹ gbogbo àlejò pé kí wọ́n rọra tẹ bọ́tìnì tó wà níta, torí bí a bá ṣe gbá ọmọ létí náà ni yóò ṣe ké. Wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, àpótí rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ ò yé pariwo. Mo fi gèlè wé e, ó ń ké lábẹ́ aṣọ bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé e sáàárín àwo, àwo náà bá a gberin.

Oníná ló gbà wá. Ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná tẹ nǹkan kékeré kan, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Bàbá rẹ ní kó tún wálẹ̀ sí i, èmi náà ní kó tún wálẹ̀ sí i. Oníná bi wá pé ṣé a ó máa gbọ́ ọ báyìí, bàbá rẹ ní ẹni tó bá fẹ́ràn wa yóò ní sùúrù.

Ọmọ mi, ibẹ̀ la ti ṣìṣe. Àbúrò bàbá rẹ obìnrin, èyí tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti jà lórí ilé ìyá wọn, ló wọkọ̀ wá parí ìjà. Ó tẹ aago títí, ó ń gbọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ló bá bú sẹ́kún, ó yíjú padà. Télọ̀ ló gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wá bi wá pé ṣé lóòótọ́ la lé e. Há! Bàbá rẹ tó ní orúnkún ò jẹ́ kóun rìn, ṣe ló sáré! Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ó bá a níbùdókọ̀, ó ń ṣàlàyé pé kì í ṣe òun o, aago ni, oníná ló gba ohùn lọ́wọ́ ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín sì pa á láàárín ẹkún, ó ní ẹni tó bá lé èèyàn kì í fi bàtà ẹsẹ̀ kan wá a kiri. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ kọ́wọ́ wálé nìyẹn. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa, òun ló jókòó tì mí tó ń sọ pé n ò kọ lẹ́tà yìí dáadáa.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí oníná wá dá ohùn aago náà padà sí agbedeméjì, torí láti ọjọ́ yẹn bàbá rẹ ò jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn mọ́. Ewúrẹ́ ti wọlé, ó ti jẹ oṣù tó ń bọ̀ kúrò lára kàlẹ́ńdà. Nítorí náà, tètè fi ránṣẹ́, a ò mọ ìgbà tí oṣù máa parí mọ́.

Ẹni ire ni yóò máa kanlẹ̀kùn rẹ, etí rẹ yóò sì máa gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.