Ìbọ̀sẹ̀ Tí Mo Wọ̀ fún Ìgò Wáìnì

Àǹtí Rosline, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, nítorí bàbá ọkọ mi kì í fi ètò rédíò yín ṣeré níbí ní Paarl.

Ogójì ọdún ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wáìnì. Bàbá ní ẹni tó bá ń po oríṣi àjàrà pọ̀ ṣe wáìnì, àṣìṣe ló ń bò mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo se bredie, ọbẹ̀ tòmátì ẹlẹ́ran àgùntàn. Mo ra wáìnì pupa tí wọ́n fi oríṣi àjàrà mẹ́ta ṣe, ọgọ́ta rand péré, mo wá fi ìbọ̀sẹ̀ bo ìgò náà kí Bàbá má baà rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára, bí a ti máa ń ṣe níbí tí a bá fẹ́ dán ahọ́n ẹnìkan wò.

Bàbá tọ́ ọ wò. Wọ́n jẹran, wọ́n tún mu, wọ́n pariwo: "Ìyàwó, wáìnì rèé! Àjàrà kan ṣoṣo ni! Má tíì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi dé ní Sátidé!"

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó! Àmọ́ Sátidé ti dé tán. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n jẹ́ kí Bàbá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn?

Bàbá, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ẹ béèrè ife kẹta.