Ẹni Tó Ń Wọ Inú Arúgbó Láago Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹwàá
Arúgbó ti ń ṣiṣẹ́. Láàpútọ́ọ̀pù tí mo fẹ́ sọ nù — ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti kán, bátìrì rẹ̀ ti kú — òun ni mo sọ ní Arúgbó, òun ló jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù bàtà báyìí, tí kì í sùn. Fọ́tò gbogbo ẹbí wà nínú rẹ̀. Ohùn Màmá náà, fáìlì mọ́kànlélógójì tí mo gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Mo fún Penka, ẹ̀gbọ́n mi, ní pásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀, kó lè máa gbọ́ ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ilé rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Arúgbó máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé sílẹ̀. Penka, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lánàá, aago mẹ́rin. Níjẹta, aago mẹ́rin. Fáìlì keje ṣáá.
Keje! Ibẹ̀ ni Màmá ti sọ pé èmi ni kó jogún ọgbà àjàrà.

Àbámẹ́ta, 8
Mo pe Penka. Mo ní ṣé ó ń gbádùn ohùn Màmá. Ó ní, "Níbo ni mo ti fẹ́ ráyè, Nevena? Ìdí ààrò búrẹ́dì ni mo ń wà títí aago mẹ́fà." Ó sì rẹ́rìn-ín — ẹ̀rín ètè lásán. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ń wá àléébù nínú ọ̀rọ̀ ogún yẹn tó máa gbé lọ fún lọ́yà.

Ọjọ́ Ajé, 10
Aago mẹ́rin. Keje.

Ọjọ́rú, 12
Mo yí pásíwọ́ọ̀dù Penka padà. Ká wo bó ṣe máa wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mi ò tíì bọ́ bàtà tí Penka fi pè. Ariwo: "Kí ló dé tó o tìlẹ̀kùn mọ́ Bàbá? Ó fẹ́ẹ̀ sunkún sí mi létí!"
Bàbá wo?
"Bàbá wa. Èmi ni mo fún un ní pásíwọ́ọ̀dù mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá bi ọ́, o ò ní gbà. Ṣé irọ́ ni?"
Kì í ṣe irọ́. Lazar — mi ò kí ń pè é ní bàbá nínú ìwé yìí — ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó tẹ̀ lé obìnrin kan lọ sí ìlú Varna. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló padà sí abúlé, òun àti ewúrẹ́ mẹ́rin. Òun ló gbin àjàrà yẹn. Ó fẹ́ gbà á padà. Kí tún ni?

Àìkú, 16
Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a lábúlé, láti kò ó lójú. Ó ti gé tòmátì, ó rin wàràkàṣì sí i, ó da ọtí rakia fún mi. Mo ní kí ni ẹ ń wá nínú fáìlì keje?
Kò jiyàn. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo mọ́kànlélógójì tán. "Keje nìkan ni màmá yín ti mẹ́nu kàn mí. Ó ní, 'ọkùnrin tó gbin àjàrà yẹn.' Ló bá dákẹ́, bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ mi. Mo wá ń tún un gbọ́, bóyá etí mi ni ò gbọ́ dáadáa. Ìwọ lo wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ṣé ó pè mí?"
Màmá pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ká sọ fún Lazar pé àwọn ò bínú mọ́. Èmi ni mo gé ibẹ̀ kúrò, lọ́jọ́ tí mo ń kó àwọn fáìlì náà sínú Arúgbó.
Mo ní, "Rárá o. Wọn ò pè yín."
Ó ní ó dáa. Ó bu tòmátì sí àwo mi.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo ti tú gbogbo inú fóònù tí mo fi gba ohùn Màmá sílẹ̀. Ibi tí mo gé yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́.