Ìyáálé Tó Wà ní Àdámásìngbà

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti lọ́kọ o. Ẹ jẹ́ kí n yára kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọkàn mi tó yí padà. Ó ti lé ní oṣù kan tí wọ́n ti so yìgì wa ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé ní Baṣọ̀run. Gbogbo ẹbí ló gbọ́, ẹ̀yin nìkan ni mi ò sọ fún. Màmá ní kí n lọ kúnlẹ̀ síbi ibojì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí n tọrọ àdúrà kí wọ́n tó so yìgì, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti lọ ṣe máa ń ṣe. Mo ní màá lọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n wé gèlè fún mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá, mo bọ́ sínú ọkọ̀, mi ò yíjú wo ọ̀dọ̀ yín.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé, Bàbá. Owú ni mò ń jẹ.

Ẹ má sì rò pé inú mi kò dùn. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín ń pa èmi nìkan nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tí mo ń tẹ̀ ní Agbówó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wò mí, wọ́n á ní àǹtí yìí ti rí nǹkan he. Òótọ́ ni, mo ti rí nǹkan he. Sọ̀díìkì lorúkọ rẹ̀. Awakọ̀ ni, láti Challenge ló ti ń kó èrò lọ sí Èkó, ó sì máa ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀, iwájú ni mo jókòó sí. Kí a tó dé ibi tí mo ń lọ, mo ti mọ̀ pé n ò ní jókòó sí ẹ̀yìn mọ́ láyé mi.

Mo mọ ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Ẹ ò ní béèrè ilé bàbá rẹ̀, ẹ ò ní béèrè iye kéwú tó kà. Ẹ máa ní: ṣé ó ń wo bọ́ọ̀lù?

Bàbá, ó ń wò ó ju bí ó ṣe yẹ lọ. Òun ni àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ ìlú wa máa ń háyà ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù ní ìlú òkèèrè, kò sì sí pápá ìṣeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wọn, ẹ máa rò pé àwọn àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ ló ń kà fún mi. Ó ní ti Ùyó dà bí ìtẹ́ ẹyẹ ńlá kan tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀, pé koríko rẹ̀ rọ̀ ju ẹní ilé wa lọ. Mo ní kó padà lọ fẹ́ ẹ. Ti Ìlọrin, ó ní àwọn èrò rẹ̀ mọ orin í kọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ebi pa àlejò. Ti Sùúrùlérè l'Ékòó, tí ó bá ti dé orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò. Ó ní arúgbó ni báyìí, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó máa mọ̀ pé arẹwà ni nígbà kan. Èmi tí mo wé gèlè, tí mo lé tìróò, kò tíì sọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbéyàwó wa ló gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta. Mo rò pé a fẹ́ lọ wo Olúmọ. Ọkọ mi gbé mi lọ sí pápá Kútọ̀! Kò sí ìdíje lọ́jọ́ náà, àwọn kan kàn ń sáré yí pápá po ni. A jókòó sókè, a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, atẹ́gùn ń fẹ́, mo gbé orí lé e léjìká. Bàbá, tí wọ́n bá ní kí n wá kú nígbà yẹn, ǹ bá ní kí wọ́n dúró ná, n ò tíì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tán. Mo bi í pé kí ló ń mú pápá kan dára ju òmíràn lọ. Ó ní kì í ṣe iná, kì í ṣe àga. Ó ní kí èèyàn lè jókòó kó máa gbọ́ dídún ẹsẹ̀ lára bọ́ọ̀lù, kí agbábọ́ọ̀lù náà sì lè gbọ́ èébú tí o bá bú u. Ó ní èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ jù ni Àdámásìngbà tiwa. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó mi, ìgbà wo lo máa mú mi lọ síbi tí Bàbá máa ń jókòó?"

Mo gbé orí mi kúrò léjìká rẹ̀. Ta ni kó mú un lọ? Ṣé èmi?

Ṣé ẹ rántí, Bàbá? Ìyáálé ni Màmá ń pe Àdámásìngbà. Ẹ ti mọ ibẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ wọn, nítorí náà wọ́n ní òun ni àgbà, àwọn ni ìyàwó kékeré. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ẹ ń wá bàtà, Màmá á pariwo láti ilé ìdáná: "Ìyáálé ti ránṣẹ́ o! Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mo ní ó kú ìtọ́jú ọkọ wa." Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín, ẹ máa mú ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì, lọ́wọ́, ó di géètì. Tí ẹ bá padà dé, ohùn yín á ti há, ẹ̀pà sísè á wà lọ́wọ́ yín nínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ń kọrin. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, Màmá á ní ìyáálé ti lù yín.

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo gbà pé obìnrin kan ń bẹ ní Àdámásìngbà lóòótọ́. Mo tiẹ̀ mọ bí ó ṣe rí: ó pupa, ó sanra, ó ní ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà. Mi ò fẹnu kan ẹ̀pà rẹ̀ rí. Ẹ rò pé n kò fẹ́ràn ẹ̀pà ni, àbí? Mo fẹ́ràn ẹ̀pà. N kò fẹ́ kí orogún ìyá mi fún mi ní májèlé jẹ ni.

Èmi náà ló sọ ọ́ létí Ìyá Agbówó, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Wọ́n dé ní ọjọ́ kejì, wọ́n di gèlè ìbínú, wọ́n jókòó ti Màmá.

"Ìyàwó mi, fara balẹ̀. Orogún kì í pààyàn. Ọmọ mélòó ló ti bí fún un?"

"Ta ni, ìyá ọkọ mi?"

"Ẹni tó wà ní Àdámásìngbà."

Màmá wò wọ́n, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Háà! Ọmọ mọ́kànlá ni o! Gbogbo wọn ló ń wọ ṣòkòtò péńpé, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń dù!"

Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí pé ẹ máa sọ pé, ó dáa, wá jẹ́ ká jọ lọ, kí o fojú ara rẹ rí i. Ohun tí ẹ sọ ni pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi ọmọbìnrin. Ẹ ní tí mo bá lọ́kọ, ẹ̀yin àti ọkọ mi á jọ lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìwà rẹ̀. Ẹ ní ọkùnrin tí wọ́n gbá góòlù wọlé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ju ìgò, ó ṣeé fún lọ́mọ.

Ọmọkùnrin yín ti débẹ̀. Ọkọ mi tí ẹ ò tíì mọ̀, ẹ ti fún un níjòkòó. Èmi ńkọ́?

Ẹ ò sì lè sọ pé ẹ ò mọ̀ pé ó ń dùn mí, nítorí mo ti sunkún lé e lórí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni fóòmù yín. Sìmẹ́ǹtì gbígbóná ni ìjókòó Àdámásìngbà nígbà náà, ẹ sì mú ọ̀bẹ, ẹ gé igun kan kúrò lára bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yin àti Màmá, kí ẹ lè rí nǹkan jókòó lé. Títí di òní, Màmá ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó ní ihò lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ìyáálé ti gé bẹ́ẹ̀dì àwọn jẹ. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, níwájú ẹbí méjèèjì, Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì dìde, ó yọ fóòmù náà látinú ọ̀rá, ó gbé e fún Sọ̀díìkì. Ó ní bí ẹ ṣe wí nìyẹn kí ẹ tó lọ: àna yín ni kí wọ́n fún. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Sọ̀díìkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ kún fún omi. Èmi ń rẹ́rìn-ín fún ẹni tó ń ya fọ́tò, inú mi sì ń hó bí omi ẹ̀kọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi tí mi ò kí yín. Mo ní bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, kí ẹ sọ ọ́ fún àna yín.

Sọ̀díìkì gbé fóòmù náà sí iwájú ọkọ̀, síbi tí mo máa ń jókòó sí. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ní Jímọ̀ọ̀ tó kọjá ni mo gbé e wọlé pé kí n fọ̀ ọ́, nítorí ó ti ń rùn. Mo tú awọ dúdú tó wà lóde. Aṣọ kan tún wà nínú, tí wọ́n fi di fóòmù náà pinpin. Aṣọ onígunmẹ́rin ni, àwọ̀ ewé àti funfun. Mo yí i padà, mo rí àpò kékeré kan. Lára àpò náà, òwú pupa ni wọ́n fi rán àmì kan bí àgbélébùú.

Bàbá, Màmá ló máa ń fi òwú pupa sí àpò aṣọ ilé-ìwé mi, kí ó má baà pàrọ̀ mọ́ ti ọmọ ẹlòmíràn.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo pe Màmá lórí fóònù, mi ò tiẹ̀ kí wọn.

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni?" ni wọ́n sọ. "Ìgbà tí aṣọ náà kéré fún ọ ni bàbá rẹ ní kí n má fi ṣe aṣọ ìnulẹ̀. Ó ní kí n fi bo fóòmù, kí ìyáálé lè mọ̀ pé òun ní ọmọbìnrin nílé."

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Tí ẹ bá lè gbé aṣọ mi lọ, kí ló ṣe èmi tí mo wọ̀ ọ́? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí mi ni tàbí ẹ kàn ń jókòó lé mi lórí ní gbogbo ọdún yẹn? Mi ò mọ èyí tí màá gbà. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Sọ̀díìkì wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti di fóòmù mọ́ àyà, ó ní ṣé òun ṣe nǹkan ni. Mo ní rárá, mo ní ó ti ṣe gbogbo nǹkan.

Mo wá bi Màmá léèrè ohun tí n kò bi wọ́n rí: báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?

"N ò débẹ̀ rí," ni wọ́n wí. "Ta ló pè mí?"

Bàbá, kò dáa. Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń jowú. Àwàdà ni wọ́n fi ń bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, mo ti pinnu, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn. Wọ́n ti tún Àdámásìngbà ṣe báyìí, wọ́n ti to àga sí i, kò sẹ́ni tó nílò fóòmù mọ́. A máa gbé e lọ síbẹ̀síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì máa fi ibi tí ẹ máa ń jókòó hàn wá. Ìyá Agbówó ní àwọn ń bọ̀ wá fi ojú ara àwọn ka àwọn ọmọ mọ́kànlá náà. Sọ̀díìkì máa fi ọkọ̀ kó gbogbo wa. Tí wọ́n bá gbá góòlù wọlé ẹgbẹ́ wa, èmi fúnra mi ni màá ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún yín. Màmá ń mú ìgò omi bọ̀. Wọ́n ní wọ́n kì í wọ ilé ìyáálé láìwẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ìyáálé yìí kò ti lọ́wọ́, àwọn ni àwọn máa da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu géètì. Mi ò tíì sọ fún wọn pé màá gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn, màá wẹ ẹsẹ̀ tiwọn náà, nítorí kò sẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́ fún wọn láti ọjọ́ yìí wá. Tí a bá sì wọlé, n ò ní jókòó lé fóòmù yẹn, Sọ̀díìkì náà ò ní jókòó lé e. Ẹni tí ẹ gé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló máa jókòó lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, màá kọ́kọ́ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Màá kúnlẹ̀ báyìí, màá sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ṣáà máa múra sílẹ̀, ẹ wá bàtà yín. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mò ń pè yín.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tó ń jowú yín, tó sì fẹ́ràn yín ju ẹ̀pà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ o: ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá.