Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Lọ Mú Ọkùnrin Wá

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ẹ̀gbẹ́dá níbí. Bàbá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ sọ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ pé mo rí iṣu tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbà.

Òjò ò jẹ́ ká sinmi. Bàtà lọ́wọ́ ni mo fi ń la ẹrọ̀fọ̀ lọ sílé ìwé tí mo ti ń kọ́ ọmọ. Bàbá Táyọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn ní Kàdúná, ilé sì máa ń pa lọ́lọ́, àfi tí Káyọ̀dé àbúrò mi bá tan rédíò. Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé àbọ̀ rẹ̀ ti dé etí yín.

Ọlọ́pàá mú un lóòótọ́, àmọ́ kò jalè. Ó ń ti ibi tó ti lọ wáṣẹ́ bọ̀ ni, ó dúró de ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ni àwọn ọlọ́pàá bá kó gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń rìn gbéregbère. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sáré dé téṣàn. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ pè mí ní màmá. Ó wá ní obìnrin kì í gba bèlì, kí n lọ mú ọkọ mi wá. Mo ní wọ́n wà ní Kàdúná. Ó ní kí n ṣá mú ọkùnrin wá, ẹni yòówù.

Ó wù mí kí n bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ bí Káyọ̀dé ṣe ń wúkọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Mo lọ pe káfíńtà tó ń tún tábìlì ilé ìwé wa ṣe. Yèyé, bàbá náà kò mọ̀wé. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àwọn ọlọ́pàá sì tú àbúrò mi sílẹ̀. Nígbà tí a jáde, ńṣe ni bàbá náà ń bẹ̀ mí bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀ mí. Mo rẹ́rìn-ín fún wọn. Mo délé, mo sunkún.

Mo ro ẹjọ́ yìí fún lọ́yà obìnrin kan tó wá bá àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, àṣà téṣàn lásán ni. Ó ní àdéhùn kan wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé, pé ọ̀kan náà ni obìnrin àti ọkùnrin níwájú òfin, ìjọba wa náà sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó fún mi ní ẹ̀dà kan.

Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá tún fi mú ọmọ Ìyá Ràṣídá, opó tí a jọ ń gbélé. Mo tẹ̀ lé ìyá náà lọ sí téṣàn. Ọlọ́pàá ọjọ́sí tún ní ká lọ mú ọkùnrin wá. Mo ní a ò lọ, ọ̀gá rẹ̀ la fẹ́ rí. A jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fún ọ̀gá náà ní ẹ̀dà àdéhùn yẹn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àwọn tó kọ ọ́ ò mọ Alímọ́ṣọ́ tiwa níbí. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n, jàre, ọmọ àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ni mò ń kọ́ níwèé. Ó wá ní kí wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní ti òní nìkan ni o. Mo mọ̀ pé lọ́la wọ́n lè lé obìnrin mìíràn padà. Síbẹ̀, mo kọ orúkọ mi síbẹ̀, Ìyá Ràṣídá sì mú ọmọ wọn lọ sílé.

Yèyé, Káyọ̀dé ní àwọn àbúrò yín ọkùnrin fẹ́ pín oko kòkó baba yín, wọ́n sì ní kí Bàbá wa wá jókòó nípò yín níbi ìpàdé ìdílé. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú baba yẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ wọṣọ, ẹ lọ, ẹ fẹnu ara yín sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Kí Bàbá jókòó tì yín. Mo ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde nítorí èmi àti ẹ̀yin nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ fún pé ká lọ mú ọkùnrin wá.

Olúwa á dá yín sí. Ẹ ò ní fẹkún jogún baba yín. Ẹ kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀