Irun Ajá Inú Ìrọ̀rí Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Àwa náà ń rọ́jú. Ẹsẹ̀ tó ń dun ọkọ mi ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti padà síbi iṣẹ́.

Ikọ́ bàbá ni kò lọ. Dókítà ní irun ajá tó ń re káàkiri ilé ló ń fà símú. Láràárọ̀ ni mò ń ya irun ajá náà lẹ́yìnkùlé, mò ń fi aṣọ tútù nu àga, mò ń gbálẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Bàbá ní òun á máa bá mi da irun náà nù.

Lánàá, mo tú ìrọ̀rí rẹ̀ kí n lè fọ̀ ọ́. Irun ajá ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Bàbá ní, “Ajá ìyá yín ni. Ó ku ọ̀la kí ìyá yín kú, ó ṣì ń ya irun ajá náà. Kí lo fẹ́ kí n gbórí lé?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, ẹ̀yin ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ ní kó jẹ́ ká da ìrọ̀rí náà nù. Ẹ ò ní gbọ́ ohun tí yóò mú yín sáré wálé.

Èmi ò lè ṣe é. Mo ti tún ẹnu ìrọ̀rí náà rán, mo sì gbé e padà sórí ibùsùn.

Àbúrò yín