Wáyà Karùn-ún Tó Yadi

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Pòrógun,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Gilbert, ọ̀rẹ́ mi láti ìdí èédú,

Báwo ni Ìbẹfun? Ṣé orúnkún rẹ ti gbà kí o máa dìde láìdi ògiri mú? Matilda ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀? Mo kí àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ. Ara mi le. Ilé dákẹ́. Ayọ̀fẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ, ó sì ń tì mí lójú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé Ayọ̀fẹ́ ń tún bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ ṣe níwájú ilé wa níbí, ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ti tẹlifíṣàn. Ó ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lọ́jìkì ánáláísà. Kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, wáyà mẹ́jọ ló sì ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bó bá fi àwọn wáyà yìí kan bọ́ọ̀dù tó ń ṣàìsàn, ojú kọ̀ǹpútà á máa fa ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, a ó sì mọ ohun tí àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ náà ń bá ara wọn sọ. Èmi ń pè é ní olófòófó.

Lọ́jọ́ Sátidé, wáyà karùn-ún yadi. Ìlà rẹ̀ nà gbọọrọ bí òkú ejò. Ayọ̀fẹ́ pààrọ̀ wáyà, síbẹ̀ ìlà náà kò gbéra. Ó ní òun máa jù ú nù. Mo ní kó ṣí i kí n wo inú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, èyí kì í ṣe àtùpà o." Mo ní òjé tí mo fi ń lẹ àtùpà náà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, òjé ni òjé ń jẹ́.

Sikúrù mẹ́rin ló dè é. Méjì sá pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Páànù ara rẹ̀ nípọn, ọ̀dà rẹ̀ dán, etí rẹ̀ pàdé ara wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ẹ̀yà dúdú onígun mẹ́rin tó wà láàárín bọ́ọ̀dù rẹ̀, tí ọmọ náà ní òun ni ọpọlọ, ẹnìkan ti ha orúkọ tó wà lára rẹ̀ dànù. N kò fẹ́ràn oníṣẹ́ tó ń fi orúkọ pamọ́. Síbẹ̀ n kò ní purọ́ mọ́ ọn: ní ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n to àwọn nǹkan tó kéré ju hóró gààrí lọ, tí kì í jẹ́ kí iná tó lágbára jù wọlé. Wọ́n tò wọ́n gún régé.

Ibi tí wọ́n ti fi òjé mú ìdí wáyà ni kánjúkánjú wà. Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Méje ń dán bí ojú ẹja tútù. Ìkarùn-ún ṣú bí eérú. Òjé náà kò gbóná tó nígbà tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó kàn jókòó lórí bàbà ni, kò mú un. Ìwọ náà mọ irú rẹ̀. Torí rẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ páànù ṣe máa ń nà ọ́.

Ọdún mẹ́ta ni n kò fọwọ́ kan òjé. Mo gba irin oníná ọmọ náà, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, mo yọ́ òjé náà títí ó fi ṣàn síbi tó yẹ. Ni mo bá na àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwo ibẹ̀, mo ní, "Ìyá Ayọ̀fẹ́, wá ta á wò."

O rántí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ tí kì í gé. Gbogbo àtùpà àti bùtá tí mo bá lẹ̀, òun ló máa ń fi èékánná náà ta á. Bó bá dún "kín", ó di ọjà. Bó bá dún "pò", màá tún un lẹ̀.

Ayọ̀fẹ́ ló na ọwọ́, tó ta òjé náà. Ó ti gé èékánná tirẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí iṣẹ́, kò dún. Ó wá kan wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù, ìlà karùn-ún sì gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rojọ́ bí àwọn yòókù. Ọmọ náà ń yọ̀. Èmi ṣì ń dúró de ìró.

Bó ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n yọ ibi tí mo ti pe ìyá rẹ̀ kúrò. Mo ní kó kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú Ìyá Ayọ̀fẹ́, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo kó gbogbo irinṣẹ́ mi fún ọ, mo ní n kò fẹ́ rí wọn mọ́. A kì í fúnni lẹ́bùn ká tún gbà á, mo mọ̀. Máa lo hámà, máa lo ẹ̀mú. Irin òjé olórí bàbà nìkan ni kí o fún mi. Ìyá Ayọ̀fẹ́ ló ya etí ìró aláró rẹ̀, tó wé e mọ́ èèkù irin náà kó má baà jó mi lọ́wọ́. Ìró èékánná rẹ̀ ti lọ, Gilbert. Ìró ìdí rẹ̀ ló kù.

Bí aṣọ náà bá ṣì wà níbẹ̀, gbé e wá fúnra rẹ. Orúnkún kì í pa ènìyàn. Bí o bá ti tú u dànù, má ṣe sọ fún mi. Jẹ́ kí irin náà wà lọ́dọ̀ rẹ, má sì dá lẹ́tà yìí lóhùn.

Bá mi kí Matilda. Sọ fún un pé mo ń jẹun.

Èmi ni tìrẹ, tí a jọ fẹ́ná,

Fálolú

(Ayọ̀fẹ́ ló kọ orúkọ. Èmi ni mo tẹ àtàǹpàkò.)